Ohùn Ta Ni Carmen Fi Kọrin? Iṣẹ́ àti Ìgbésí Ayé Dorothy Dandridge

Ní ọdún 1955, wọ́n fi fíìmù Carmen Jones han àwọn àlejò ní àjọ̀dún sinimá ìlú Cannes. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn tì. Àwọn àjogún tí ópẹ́rà Carmen wà ní ìkáwọ́ wọn kò fẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà máa mú ogún wọn ṣe ohun tí ó wù wọ́n, òfin sì wà lẹ́yìn wọn. Ó di ọdún 1981 kí àwọn ará Faransé tó lè san owó wọ ilé sinimá láti wo fíìmù náà bí wọ́n ti ń wo àwọn yòókù. Nígbà náà, ó ti pé ọdún 16 tí Dorothy Dandridge, obìnrin tí ó ṣe Carmen nínú rẹ̀, ti kú.

Obìnrin kan náà ṣe fíìmù mìíràn tí ó jáde ní ọdún 1958, ní ilẹ̀ Faransé gan-an, orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ Tamango. Èyí kò ní ìjà pẹ̀lú àjogún kankan, àwọn ará Paris sì rí i wò. Ṣùgbọ́n ìjọba kò gbà kí ó dé àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso, tí Dahomey jẹ́ ọ̀kan nínú wọn nígbà náà. Ìtàn àwọn ẹrú tí wọ́n dìde sí ọ̀gá ọkọ̀ ni. Ẹ̀rù ń ba àwọn amúnisìn kí àwọn baba wa má baà rí i kí wọ́n sì ronú sí i.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti ka Prosper Mérimée ní kílásì yóò ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mérimée ni ó kọ Tamango ní ọdún 1829. Òun náà ni ó kọ Carmen ní ọdún 1845, èyí tí Bizet wá sọ di ópẹ́rà. Òǹkọ̀wé Faransé kan ṣoṣo, obìnrin méjì tí ó fi inú ro, àti ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan tí ó gbé àwọn méjèèjì wọ̀ bí ẹ̀wù. Mo wòye pé kò sí ẹni tí ó fi àwọn iṣẹ́ méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ó ti yẹ. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Dandridge, ohun tí a máa ń gbọ́ ni «ẹni àkọ́kọ́»: adúláwọ̀ obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn mọ́ àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn Oscar fún olú òṣèrébìnrin. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n oríkì «ẹni àkọ́kọ́» a máa bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka iye ilẹ̀kùn tí ènìyàn ṣí kì í sábà béèrè ohun tí ó ṣe nínú yàrá nígbà tí ó wọlé tán.

Ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1922. Ìyá rẹ̀, Ruby, ti fi ọkọ sílẹ̀ kí ó tó bí i. Òṣèré ni Ruby, òun ni ó sì fa àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Vivian àti Dorothy, wọ inú iṣẹ́ yìí láti kékeré. Orúkọ tí ó fún wọn ni The Wonder Children, bí ẹni pé à ń pè wọ́n ní Àwọn Ọmọ Ìyanu. Láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì ní gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń ṣe eré kéékèèké fún àwọn ènìyàn tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè jókòó ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rẹ́ ìyá wọn tí ó ń tọ́ wọn le púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí ẹgba. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé lẹ́yìn ọdún 1929, ìdílé náà kó lọ sí Los Angeles. Níbẹ̀, Ruby rí iṣẹ́ nínú fíìmù àti lórí rédíò. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní kí ó ṣe. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ọmọ tí ó rí ohun tí ojú ìyá rẹ̀ rí yìí yóò fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé òun kò ní gbé àwo oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni nínú fíìmù.

Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì àti ọ̀rẹ́ wọn Etta Jones di ẹgbẹ́ akọrin mẹ́ta, wọ́n sì kọrin ní Cotton Club ní New York, níbi tí àwọn adúláwọ̀ ti ń kọrin tí àwọn òyìnbó sì ń jókòó. Ní ọdún 1941, Dorothy jáde nínú fíìmù Sun Valley Serenade pẹ̀lú àwọn oníjó Nicholas Brothers. Eré wọn kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì so mọ́ ìtàn fíìmù náà níbì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni Hollywood ti ń ṣe é nígbà náà: wọ́n á ya ibi tí àwọn adúláwọ̀ wà sọ́tọ̀, kí àwọn onílé sinimá ní gúúsù lè gé e kúrò bí ó bá bí àwọn oníbàárà wọn nínú, kí ìtàn má sì bàjẹ́. Ó fẹ́ Harold, ọ̀kan nínú àwọn oníjó náà, ní ọdún 1942. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ní ọdún tó tẹ̀ lé e ní àbùkù ọpọlọ, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ìgbéyàwó náà tú ká ní ọdún 1951. N kò ní pẹ́ lórí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn tí ó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń fẹ́ jókòó sí. Ohun tí ó kan iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ní láti máa rí owó tọ́jú ọmọ náà, owó kò sì sí nínú fíìmù fún un. Nítorí náà ó lọ máa kọrin ní àwọn ilé ìgbafẹ́ alẹ́.

Ibẹ̀ ni ó ti di akọrin ní tòótọ́. Phil Moore, ọ̀gá nínú orin jáàsì, ni ó kọ́ ọ bí a ti ń kọ orin sí ọ̀kánkán ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí ẹni ń bá ènìyàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ohùn Dandridge kò tóbi. Kì í ṣe ohùn tí í gba ilé ópẹ́rà kan. Ó fúyẹ́, ó gbẹ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó sì mọ bí a ti í dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kàn tó bọ́. Pẹ̀lú ohùn yìí ni ó fi gba New York, gba Hollywood, tí ó sì di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó kọrin ní Empire Room ti ilé ìtura Waldorf-Astoria, ní ọdún 1955. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà lákòókò náà, adúláwọ̀ lè kọrin fún àwọn àlejò ilé ìtura, ṣùgbọ́n kò lè sùn níbẹ̀, kò sì lè gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé.

Kí a tó dé Carmen, mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Bright Road, ti ọdún 1953. Àwọn alárìíwísí máa ń fò ó kọjá, ó sì jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi, bóyá nítorí pé olùkọ́ ni èmi náà. Mary Elizabeth Vroman, adúláwọ̀ obìnrin tí ó jẹ́ olùkọ́, ni ó kọ ìtàn tí wọ́n fi ṣe é. Dandridge ni Jane Richards, olùkọ́ tuntun ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú ní gúúsù. Harry Belafonte, tí kò tí ì gbajúmọ̀, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ọmọkùnrin kan wà ní kílásì náà tí gbogbo ènìyàn ti sọ pé kò lè mọ̀wé, olùkọ́ náà kò sì gbà. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òyìnbó tí ó wá gba ẹnikẹ́ni là, kò sí ọmọ ọ̀dọ̀, kò sí ìjàngbọ̀n. Nígbà tí ọ̀rẹ́ ọmọ náà, ọmọbìnrin kékeré kan, ṣàìsàn tí ó sì kú, ẹ wo ojú Dandridge nígbà tí ó wọ kílásì. Kò sunkún. Ó ń ṣe bí olùkọ́ ti í ṣe: ó ń wá ohun tí yóò sọ fún àwọn tí ó kù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òṣèré ni, kì í ṣe arẹwà lásán. Fíìmù náà kò pa owó púpọ̀.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Carmen Jones. Oscar Hammerstein II ni ó ti mú orin Bizet ní ọdún 1943, tí ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun sí i, tí ó sì gbé ìtàn náà kúrò ní Sípéènì lọ sí gúúsù Amẹ́ríkà lásìkò ogun. Carmen kì í ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tábà mọ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán páráṣúùtù fún àwọn ọmọ ogun ni. Don José di Joe, ọmọ ogun tí ó fẹ́ lọ kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó ń bá màlúù jà di abẹ̀ṣẹ́. Otto Preminger ni ó darí fíìmù náà, gbogbo òṣèré inú rẹ̀ sì jẹ́ adúláwọ̀. A gbọ́ pé nígbà tí Dandridge kọ́kọ́ lọ bá Preminger, ọkùnrin náà ní ó ti jẹ́ ọmọlúàbí jù, pé ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ inú ìtàn náà ni ó yẹ ẹ́. Ó lọ sílé, ó wọ aṣọ mìíràn, ó yí irun padà, ó yí ìrìn padà, ó sì padà wá gẹ́gẹ́ bí Carmen. Ó gba iṣẹ́ náà.

Ẹni tí ó bá ti wo fíìmù náà kì í gbàgbé bí ó ti wọ yàrá oúnjẹ àwọn ọmọ ogun: ẹ̀wù dúdú, síkẹ́ẹ̀tì pupa, òdòdó kan. Gbogbo àwọn ọkùnrin yípadà. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé òun kò wo ọ̀kankan nínú wọn. Joe nìkan ni ó ń wò, ìyẹn ẹni tí kò gbé ojú sókè. Kí ó tó ya ẹnu, ìtàn ti ṣẹlẹ̀ tán ní ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ya ẹnu láti kọrin, ohùn tí ó jáde kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Marilyn Horne ni ó kọ gbogbo orin Carmen nínú fíìmù náà: ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan tí kò tí ì ju ọmọ ogún ọdún lọ, tí yóò padà di ọ̀kan nínú àwọn olórin ópẹ́rà tí ayé bọ̀wọ̀ fún jùlọ. Belafonte náà, tí gbogbo Amẹ́ríkà ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn LeVern Hutcherson ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Pearl Bailey nìkan, nínú àwọn òṣèré ńlá ibẹ̀, ni ó fi ohùn ara rẹ̀ kọrin. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn tí orin Bizet wà ní ìkáwọ́ wọn fẹ́ kí a kọ ọ́ bí a ti ń kọ ópẹ́rà, pé àwọn olórin ilé ìgbafẹ́ kò lè gbé e. Ní ti iṣẹ́ orin, irọ́ kọ́. Ohùn Dandridge ìbá má lè gbé orin yẹn bí a ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: bí ó bá jẹ́ pé a lè mú Carmen kúrò ní Sípéènì, kí a sọ ọ́ di ará Amẹ́ríkà, kí a yí èdè rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ padà, kí ló dé tí ọ̀nà tí a gbà ń kọ orin rẹ̀ nìkan kò ṣeé yí padà? Àwọn adúláwọ̀ yá fíìmù náà ní ara wọn. Wọn kò gbà lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jùlọ.

Ẹ lè gbọ́ ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀. Nígbà tí Carmen bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wà nítòsí, ó ń fi Joe ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Nígbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀, ó dàbí ẹni pé ẹlòmíràn wọ yàrá. Ohùn náà dára, ó yí po, ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti òkèèrè wá. Iṣẹ́ tí Dandridge ní láti ṣe níbẹ̀ le ju kí ó kọrin lọ. Ó ní láti fi ọrùn, èjìká, ìbàdí àti ojú gba ohùn àjèjì yẹn sínú ara rẹ̀ kí a lè gbà á gbọ́, a sì gbà á gbọ́. Nígbà tí ó fa káàdì ikú láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, orin náà ga, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tẹ̀ lé orin. Ó dákẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Orin ń kéde ìbẹ̀rù. Obìnrin náà ti gba kádàrá rẹ̀ tán. Mo gbà pé kò sí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ga tó ibẹ̀ nínú gbogbo fíìmù náà, àlàfo tí ó wà láàárín ohùn àti ojú ni ó sì mú un ga. Bí ohùn náà ìbá jẹ́ tirẹ̀, kò dá mi lójú pé a ìbá rí i.

James Baldwin kò fẹ́ràn fíìmù náà rárá. Nínú àròkọ tí ó kọ nípa rẹ̀, ó ṣàríwísí rẹ̀ pé àwọn òṣèré náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kì í ṣe adúláwọ̀, pé ayé tí ó yí wọn ká mọ́ jù, pé ó ṣófo, pé a yọ gbogbo ohun tí ó ń dun adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà kúrò kí òyìnbó lè jókòó pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Lórí fíìmù náà, Baldwin jàre. Ayé kan tí kò sí òyìnbó kankan nínú rẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà ọdún 1943, àlá ni. Ibi tí èmi kò ti bá a lọ ni bí ó ti kọjá lára Dandridge bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn ohun ọ̀ṣọ́ inú yàrá ni. Òṣèré lè jẹ́ olóòótọ́ nínú iṣẹ́ tí kì í ṣe òótọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1954, àwòrán rẹ̀ jáde ní iwájú ìwé ìròyìn Life. Ní ọdún 1955, ó jókòó láàárín àwọn tí wọ́n yàn fún Oscar. Grace Kelly ni ó gbà á. Ó tún gun orí pèpéle ní alẹ́ náà láti fún ẹlòmíràn ní ẹ̀bùn. Ẹni tí ó bá wo gbogbo èyí yóò rò pé iṣẹ́ yóò máa wọlé bí òjò. Kò sí. Ilé iṣẹ́ Twentieth Century Fox bá a ṣe àdéhùn, wọ́n sì fún un ní ẹrúbìnrin Tuptim nínú The King and I. Ó kọ̀ ọ́: kò sí ìgbà tí ó wá láti Carmen kí ó tún lọ di ẹrú tí kì í ṣe olú òṣèré. Rita Moreno ni ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé àṣìṣe ńlá ni, a sì gbọ́ pé òun gan-an kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó yá. Èmi kò rí i bí àṣìṣe. Ọmọ Ruby Dandridge ni. Ohun tí ó ṣe é ní ibi ni pé kò sí ohun mìíràn lórí àwo. Òfin tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù fi ń ṣọ́ ara wọn kò jẹ́ kí adúláwọ̀ àti òyìnbó ní ìfẹ́ ara wọn lójú àwòrán. Àwọn olú òṣèrékùnrin sì jẹ́ òyìnbó. Ta ni yóò wá bá a ṣeré? Ó di ọdún 1957 kí a tó tún rí i, nínú Island in the Sun, níbi tí ó ti fẹ́ òyìnbó kan tí wọn kò jẹ́ kí ó fi ẹnu kàn án lẹ́nu.

Báyìí ni ó ṣe dé ilẹ̀ Faransé. John Berry, tí ó darí Tamango, jẹ́ ará Amẹ́ríkà tí ó sá kúrò ní ìlú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dọdẹ àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n jẹ́ kọ́múníìsì. Nítorí náà, àwọn méjì tí Hollywood kò mọ ohun tí yóò fi ṣe ni wọ́n pàdé lórí Mérimée.

Ẹ rántí ìwé náà. Tamango jẹ́ jagunjagun tí ó ń ta ènìyàn fún àwọn òyìnbó ní etí òkun. Ó mutí yó, ó sì fi ìyàwó rẹ̀, Ayché, ta ọ̀gá ọkọ̀ lọ́rẹ. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó sáré lé ọkọ̀, wọ́n sì mú òun náà. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ún mọ́. Nínú ọkọ̀, ó kó àwọn tí ó tà fúnra rẹ̀ jọ, wọ́n dìtẹ̀, wọ́n pa gbogbo àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń darí ọkọ̀, òkun sì jẹ wọ́n run lọ́kọ̀ọ̀kan. Tamango nìkan ni ó yè, ó sì di ẹni tí ń lu aro fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Jàmáíkà. Mérimée kò káàánú ẹnikẹ́ni. Ó ń fi òǹtà ṣẹ̀sín, ó ń fi ẹni tí a tà ṣẹ̀sín. Ayché inú ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n tà á, wọ́n gbé e, ó sunkún, ó kú.

Fíìmù náà yí nǹkan padà púpọ̀. Tamango inú rẹ̀, tí Alex Cressan láti Martinique ṣe, kì í ta ènìyàn. Akíkanjú ni láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò lè yìn wọ́n fún èyí. Ní ti àwa tí a ń gbé láàárín Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ouidah, a mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn baba ńlá wa ni a tà, àwọn kan ni ó sì tà. Fíìmù tí ó bá yọ òǹtà dúdú kúrò ti wẹ ọwọ́ wa fún wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Mérimée, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀gàn rẹ̀, jẹ́ olóòótọ́ jù wọ́n lọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọnù lára Tamango, Aiché jèrè rẹ̀. Nínú fíìmù, Aiché kì í ṣe ìyàwó Tamango. Ẹrúbìnrin tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó wà lára rẹ̀ ni, tí ó ń bá ọ̀gá ọkọ̀ sùn, tí ó ń wọ aṣọ dáadáa, tí ó ń sùn lókè nígbà tí àwọn yòókù wà nínú ẹ̀wọ̀n nísàlẹ̀. Curd Jürgens ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Àwọn ẹrú kórìíra Aiché. Àwọn atukọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Òun náà, ní ìbẹ̀rẹ̀, kò gbà pé ìdìtẹ̀ lè so èso kankan, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Tamango láìbò. Bí Dandridge ti gbé èyí kalẹ̀ ya mí lẹ́nu. Kò ṣe é bí ọ̀dàlẹ̀, kò sì bẹ̀ wá kí a káàánú rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ẹni tí ó mọ iye tí gbogbo nǹkan ń jẹ́, tí ó ti ṣírò, tí ó sì mọ̀ pé òun kò ní borí. Kò sí orin fún un, kò sí ijó. Ohùn ara rẹ̀ ni ó fi ń sọ gbogbo rẹ̀.

Ní ìparí, nígbà tí àwọn ẹrú ti wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí ọ̀gá sì ti kọ àgbá sí wọn, ọ̀nà ṣì wà fún Aiché láti jáde. Tamango kò dá a dúró. Ó gun àkàbà náà, ó dúró, ó sì padà sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ń kọrin. Wọ́n yin àgbá. Ẹ fi í wé Carmen, tí ó mọ̀ pé Joe yóò pa òun tí kò sì sá. Mérimée ti kọ ọ̀kan nínú obìnrin méjèèjì yìí bí ẹni tí ó yan ikú ju kí a gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀; èkejì ni ó kọ bí ẹrù. Dandridge ni ó bá a parí iṣẹ́ náà: ó fún Ayché ní ohun tí Carmen ní.

Ṣé ẹ rí ìdí tí ìjọba amúnisìn fi bẹ̀rù? Wọ́n ti ní òfin lọ́wọ́ fún irú rẹ̀, òfin Laval ti ọdún 1934, tí ó sọ pé kò sí ẹni tí yóò ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ Faransé ní Áfíríkà láìgba àṣẹ. Ọmọ ìlú Àjàṣẹ́ kan mọ bí òfin náà ti rí. Paulin Soumanou Vieyra, tí wọ́n bí ní Porto-Novo ní ọdún 1925, kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ya fíìmù nílé, wọn kò gbà fún wọn, ni wọ́n bá ya Afrique-sur-Seine ní Paris ní ọdún 1955, ọdún kan náà tí Carmen Jones dé Cannes. Àwa kò gbọdọ̀ ya àwòrán ara wa, a kò sì gbọdọ̀ rí àwòrán tí ẹlòmíràn yà nípa wa. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, Tamango kò rí ilé iṣẹ́ ńlá tí yóò gbé e káàkiri nígbà tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1959, nítorí pé òyìnbó àti adúláwọ̀ dì mọ́ ara wọn nínú rẹ̀.

Èyí tí ó kù kò gùn. Ní ọdún 1959 kan náà, ó ṣe Bess nínú Porgy and Bess pẹ̀lú Sidney Poitier, Preminger sì tún ni olùdarí. Belafonte ti kọ̀ láti ṣe Porgy. Wọ́n tún gba ohùn lẹ́nu Dandridge, Adele Addison ni ó kọ orin rẹ̀. Fíìmù náà wúwo, ó dúró sójú kan bí ère, n kò sì lè sọ pé ẹni tí kò bá rí i pàdánù ohun púpọ̀. Ó ṣòro láti rí i pẹ̀lú, nítorí àwọn àjogún Gershwin kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì mú un kúrò níta. Àjogún níhìn-ín, àjogún lọ́hùn-ún. Dandridge fẹ́ onílé oúnjẹ kan, owó rẹ̀ run, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ní ọdún 1963, ó kéde pé òun kò lè san gbèsè mọ́, kò sì lè san owó àwọn tí ń tọ́jú ọmọ rẹ̀. Ilé ìtọ́jú ìjọba ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, wọ́n bá a ní òkú nínú ilé rẹ̀ ní West Hollywood. Ọmọ ọdún 42 ni.

Ó di ọdún 2002 kí adúláwọ̀ obìnrin tó gba ẹ̀bùn tí wọ́n yan Dandridge fún. Halle Berry ni, ẹni tí ó ti ṣe Dandridge nínú fíìmù tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1999, ó sì dárúkọ rẹ̀ lórí pèpéle.

Ní ọdún 1999 yẹn náà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí àwọn ìwé ìròyìn kò pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1958 sí 1961, Dandridge ti kọ orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Verve, pẹ̀lú Oscar Peterson ní ìdí dùùrù fún díẹ̀ nínú wọn. Wọ́n kó téèpù náà sí àpótí, àwo orin náà kò sì jáde. Ọdún 34 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ rẹ̀ ni Smooth Operator. Kí ẹni tí ó bá rí i gbọ́ kọ́kọ́ wo Carmen tí ó wọ yàrá oúnjẹ yẹn, kí ó sì wá fi àwo orin yìí sí i. Kò sí ohun tí ó yí po níbẹ̀, kò sí ohun tí ó ga tó ilé ópẹ́rà. Ohùn kékeré ni, ó gbẹ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó sì dákẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bọ́. Ohùn tí Carmen fi ń bá Joe sọ̀rọ̀ ni.